Bí A Ṣe Lè Fi Ìwà Aáyán Lé Aáyán Kúrò Nínú Ilé

Bàtà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá nígbà tí wọ́n bá rí aáyán lára ògiri. Bàtà náà a pa ọ̀kan, ọkàn onílé a sì balẹ̀ títí di ọjọ́ tí òmíràn yóò yọ ìwo láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí bàtà kò lè dé ni inú àlàfo tí èyí tí a pa ti jáde wá, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ yòókù há mọ́, tí wọ́n ń retí kí iná kú. Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Odidi oṣù méjì ni mo fi ń fín oògùn agolo sí ilé ìdáná mi lálaalẹ́, tí mo ń gbá òkú aáyán láràárọ̀, tí inú mi sì ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ. Àfìgbà tí mo rí ọmọ aáyán nínú àpótí tí mo ń kó ìbọ̀sẹ̀ sí nínú yàrá ni mo tó mọ̀ pé ṣe ni mo kàn ń lé wọn káàkiri ilé. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹni tí yóò borí aáyán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ń sùn, omi tí ó ń mu àti bí ó ṣe ń jẹun, nítorí pé inú ìwà rẹ̀ wọ̀nyí gan-an ni a ti lè mú un.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ irú èyí tí ó wà nílé yín

Oríṣi aáyán tí ó wà láyé lé ní 4,000, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bá ènìyàn gbé. Inú igbó, lábẹ́ ewé jíjẹrà, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, wọn kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú àwọn tí ó ń wọlé, méjì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ, ọ̀nà tí a fi ń lé wọn kò sì rí bákan náà.

Èkíní ni aáyán kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Blattella germanica. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 13 sí 16 lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì tí a bu mílíìkì sí, ìlà dúdú méjì sì wà gbọọrọ lórí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n kì í fò. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tí ó máa ń fún ẹranko àti ewéko ní orúkọ, ló fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1767, ó sì so ó mọ́ Jámánì, bẹ́ẹ̀ Jámánì kọ́ ni ilé rẹ̀: ìwádìí àbùdá tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé ara aáyán kan tí ó wà ní Gúúsù Éṣíà ni ó ti yà ní nǹkan bíi 2,100 ọdún sẹ́yìn, kí ó tó bá ènìyàn àti ẹrù wọn rìn dé gbogbo ayé. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nípa rẹ̀ ni pé inú ilé ènìyàn nìkan ni ó ń gbé. Kò ní igbó tí yóò sá padà sí. Inú páálí, inú àpò ẹrù tàbí inú ẹ̀rọ àlòkù ni ó sábà máa ń gbà wọlé, bí ó bá sì ti wọlé tán, ibẹ̀ ni yóò ti máa bí sí i.

Èkejì ni aáyán ńlá, Periplaneta americana, tí ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, tí ó pupa rúsúrúsú, tí àmì tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti pupa inú ẹyin adìẹ sì yí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ká. Òun náà kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Láti Áfíríkà ni ọkọ̀ ojú omi ti gbé e lọ. Ojú gọ́tà, inú páìpù omi ìdọ̀tí, kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti abẹ́ ilé tó lọ́rinrin ni ibùgbé rẹ̀, àlejò lásán ló sì máa ń jẹ́ nínú ilé. Bí ilẹ̀ bá móoru, ó lè fò, èyí tí ó máa ń mú kí àgbàlagbà tó ń ṣe bí akọni gun orí àga.

Oríṣi kékeré mìíràn tún wà, Supella longipalpa, tí ìlà rẹ̀ dábùú ìyẹ́ dípò kí ó wà gbọọrọ. Òun kò nífẹ̀ẹ́ ọ̀rinrin tó àwọn méjì ìṣáájú, nítorí náà ẹ̀yìn àwòrán ara ògiri, inú aago àti inú tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ ti wá a, lókè lókè. Kí ẹ tó pinnu irú èyí tí ẹ rí, ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀ dáadáa: aáyán tí kò ní ìyẹ́ rárá, ọmọdé ni lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ aáyán ńlá sì lè jọ àgbà aáyán kékeré lójú ẹni tí kò fara balẹ̀. Bí ẹ bá sì rí èyí tí ó funfun báláú, kì í ṣe oríṣi àjèjì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ rẹ̀ ni, láàárín wákàtí díẹ̀ yóò padà sí àwọ̀ tí ẹ mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ibi tí wọ́n ń sùn

Àwọn àgbà ní ó wu aáyán kó jó, adìẹ ni kò jẹ́. Nínú ilé tí kò sí adìẹ, òru ni aáyán ń jó, ọ̀sán sì ni ó fi ń sinmi; ó máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí 24 há mọ́ ojú kan ṣoṣo. Àlàfo tó fún ni ó nífẹ̀ẹ́ sí, níbi tí nǹkan ti kan ikùn rẹ̀ tí nǹkan sì tún kan ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ìfarakàn yẹn ni ó ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016, wọ́n sì rí i pé aáyán ńlá lè fún ara rẹ̀ gba inú àlàfo mìlímítà mẹ́ta kọjá, èyí tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé ibì kan ti há jù.

Ní alẹ́, ẹ pa gbogbo iná ilé ìdáná fún wákàtí méjì, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe lépa èyíkéyìí. Ìwo kúkúrú méjì wà ní ìdí aáyán tí ó fi ń mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá mì, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń sá kí bàtà tó balẹ̀, aáyán ńlá sì lè sáré tó mítà kan àti ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá, kí ẹ kàn wo ibi tí wọ́n sá wọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé wọn.

Ní ọ̀sán, ẹ padà sí ibẹ̀ láti wá àmì. Ìgbẹ́ aáyán kékeré dà bí ata gígún tí a wọ́n sílẹ̀ tàbí bí ẹni fi bírò dúdú tọ́ ara igi káàkiri. Ti aáyán ńlá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ó sì jọ ìgbẹ́ eku kékeré. Ìgbẹ́ yìí kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, òórùn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń pe àwọn aáyán mìíràn wá sójú kan, nítorí náà ibi tí ó bá ti pọ̀ ni àárín agbo wọn. Ẹ ó tún rí awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ àti àpò ẹyin tó ti ṣófo. Nínú ilé ìdáná mi, ẹ̀yìn rọ́bà ẹnu fìríìjì ni mo ti bá tiwọn. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí rọ́bà náà díẹ̀, mo sì rí wọn ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀, bàbá, ìyá àtọmọ, tí gbogbo wọn kọjú síta tí ìwo wọn ń mì. Abo kan láàárín wọn fa àpò ẹyin sẹ́yìn bí ẹni gbé àpò owó, ó sì rìn sẹ́yìn wọnú òkùnkùn láìjẹ́ kí nǹkan náà bọ́. Bí ooru bá ń jáde láti ara ẹ̀rọ, tí omi sì ń kán lábẹ́ rẹ̀, kò sí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú aáyán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá páálí alẹ̀mọ́, ìyẹn páálí kékeré tó ní gọ́ọ̀mù lójú, kí ẹ gbé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀: abẹ́ síǹkì, ẹ̀yìn fìríìjì, ẹ̀yìn sítóòfù, inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ fara tì wọ́n mọ́ ògiri, ní kọ̀rọ̀ gan-an, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ni aáyán máa ń tọ̀, kì í dédé gba àárín ilẹ̀. Ẹ kọ nọ́ḿbà àti ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka ohun tó bá lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Páálí tí ọmọ aáyán wẹẹrẹ bá pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni ó súnmọ́ ilé wọn jù, nítorí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kì í rìn jìnnà. Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ iye wọn sí pamọ́, ẹ ó nílò rẹ̀ níkẹyìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba omi lọ́wọ́ wọn

Oúnjẹ ni gbogbo ènìyàn máa ń rò, ṣùgbọ́n omi ló jù. Bí aáyán kékeré bá rí omi mu, ó lè lo nǹkan bí oṣù kan láìjẹun. Bí kò bá rí omi, tí kò sì rí oúnjẹ, kì í sábà pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń kán ṣe. Ẹ nu inú síǹkì gbẹ kí ẹ tó sùn, kí ẹ fún kànìnkànìn tí ẹ fi ń fọ abọ́ kí omi tán lára rẹ̀, kí ẹ da omi tó bá wà nínú àwo abẹ́ fìríìjì nù, kí ẹ má sì fi abọ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Omi tó ń sun lára páìpù tútù náà tó fún ogún aáyán láti mu, nítorí náà ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù wé irú páìpù bẹ́ẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ gbé e sínú ike tí ó dé pa, kí ẹ sì da ìdọ̀tí síta ní ìrọ̀lẹ́ dípò àárọ̀. Òróró tó gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Aáyán a jẹ ẹ́. A tún jẹ gọ́ọ̀mù ara páálí, irun, ọṣẹ, àti aáyán ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kú. Kò sí bí a ṣe lè fi ebi pa wọ́n tán, ìdí tí a fi ń kó oúnjẹ kúrò ni kí ìjẹ olóró tí a ó gbé sílẹ̀ láìpẹ́ lè jẹ́ ohun tó dùn jù tí wọ́n máa rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó wọn, kí ẹ sì dí ihò

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ẹ fi ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fa inú àwọn àlàfo tí ẹ ti mọ̀, kí ẹ sì di àpò rẹ̀ sínú ọ̀rá kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ yìí lè fi omi ọṣẹ fín wọn. Kì í ṣe ẹnu ni aáyán ń gbà mí bí kò ṣe ihò wẹ́wẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tí a gé lórí fi lè wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan; omi ọṣẹ a dí àwọn ihò yẹn, a sì sé e léèémí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ojú ìgbẹ́ wọn pẹ̀lú, kí òórùn tó ń pe àwọn yòókù lè kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dí ilé wọn gan-an. Ẹ dí ibi tí wọ́n ń gbà wọlé: ojú ibi tí páìpù ti wọ ògiri, abẹ́ ìlẹ̀kùn, ibi tí ògiri ti sán, àlàfo láàárín ilé tiyín àti ti aládùúgbò. Sìmẹ́ńtì tàbí silikọ́ọ̀nù ni kí ẹ lò. Fún aáyán ńlá, èyí ni ó jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ẹ fi asẹ́ tó le dé gbogbo ojú gọ́tà inú ilé, kí ẹ sì máa da omi sí ihò balùwẹ̀ tí a kì í lò, torí pé omi tó dúró sí ibi tí páìpù ti tẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tó dá wọn dúró, bí ó bá sì ti gbẹ, ọ̀nà ti là.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé ìjẹ sílẹ̀ fún wọn

Ibí yìí ni ìwà aáyán ti pa á lára jù. Ìjẹ olóró tí ó dà bí ọ̀dà, èyí tí wọ́n máa ń rọ sínú abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu ṣóńṣó, ni mo fara mọ́ ju gbogbo oògùn yòókù lọ. Oró inú rẹ̀, bíi fipronil tàbí indoxacarb, kì í pa lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí èyí mú yín bínú. Aáyán tó jẹ ẹ́ yóò padà sílé, yóò yàgbẹ́ níbẹ̀, yóò sì kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kì í sábà jáde wá oúnjẹ. Ìgbẹ́ àwọn àgbà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì tún ń jẹ òkú. Báyìí ni oró tí ọ̀kan jẹ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò tíì kúrò ní kọ̀rọ̀ rí, níbi tí oògùn agolo kò lè dé láéláé.

Ẹ tọ́ ọ sílẹ̀ ní ẹyọ kéékèèké bí hóró ìrẹsì, kí ó pọ̀ níye, kí ó má ṣe pọ̀ lójú kan. Ogún hóró ní ogún ibi sàn ju òkìtì ńlá mẹ́ta lọ. Ẹ tọ́ ọ sí ìdí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ etí síǹkì, ẹ̀yìn ẹ̀rọ, àti ẹnu àlàfo tí páálí alẹ̀mọ́ ti fi hàn yín, kí ó má sì jìnnà ju ààbọ̀ mítà lọ sí ilé wọn. Ẹ má ṣe fi sí ibi tí abọ́ tàbí oúnjẹ yóò ti kàn án, tàbí ibi tí ọwọ́ ọmọdé tàbí ẹnu ẹran ọ̀sìn lè dé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn náà, kí ẹ sì tẹ̀lé e. Bí ó bá gbẹ tàbí tí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, ẹ tọ́ òmíràn.

Ẹ má sì fín oògùn kankan sí ìtòsí rẹ̀. Oògùn agolo a máa lé aáyán sẹ́yìn, aáyán tí a lé kì í padà wá jẹun, gbogbo owó ìjẹ a sì wọgbó.

Nígbà mìíràn, ìjẹ tó dára lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1993, onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Jules Silverman, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn aáyán kékeré kan tí wọ́n ń sá fún ìjẹ tí ṣúgà glucose wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2013 sì ṣàlàyé pé ṣúgà yìí ti di ohun kíkorò lẹ́nu irú àwọn aáyán bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ adùn ti jẹ oró wọ́n sì ti kú, àwọn tí wọ́n kọ̀ ọ́ ló ṣẹ́kù tí wọ́n sì bímọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lóru tí ẹ rí i pé wọ́n ń yà fún ìjẹ, ẹ wá ti ilé iṣẹ́ mìíràn, tí oró inú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi pò ó yàtọ̀. Kódà bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìyẹ̀fun, àti àwọn ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe

Ìyẹ̀fun boric acid wúlò nínú àlàfo gbígbẹ, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti inú ògiri tó ṣófo. Ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ aáyán, aáyán a fi ẹnu nu ara rẹ̀, a sì gbé e mì. Ẹ wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní tètè rí i. Bí ó bá ṣe òkìtì, aáyán a yà á sílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń yà fún ẹrẹ̀. Omi a máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ohun tí ọmọdé gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ní ti agolo tí a máa ń ṣí sílẹ̀ láàárín yàrá kí èéfín rẹ̀ lè kún gbogbo ilé, mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2019 dán an wò nínú ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Iye aáyán kò dín kù, oró sì bà lé orí ilẹ̀ àti orí tábìlì tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn. Èéfín kì í wọ inú pàlàpálá. Èyí tí ó burú jù ni oògùn oko tí àwọn kan ń bù wọlé. Oko ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀mí àwọn ará ilé ni wọ́n sì fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ní sùúrù, kí ẹ sì máa kà

Àpò ẹyin abo aáyán kékeré kan máa ń ní ẹyin 30 sí 40, inú ìdí ni ó sì ń gbé e sí títí yóò fi tó àkókò àtipa. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ náà yóò ti bọ́ awọ nígbà mẹ́fà tàbí méje, wọn yóò sì di àgbà bí ilé bá móoru. Aáyán ńlá ní tirẹ̀ a máa lẹ àpò ẹyin tirẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Oró kì í wọ inú àpò ẹyin, nítorí náà àwọn ọmọ tuntun yóò máa yọ lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti kú. Ẹni tí ó bá dáwọ́ ìjẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé kò rí aáyán mọ́ ń fi ilé sílẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀.

Ẹ gbé páálí alẹ̀mọ́ tuntun sí ojú ibi ti àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ ka iye tó mú, kí ẹ sì fi wé ti ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí iye náà bá ń dín kù, ẹ máa bá a lọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn páálí náà bá kọ̀ láti dín kù, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni kí ẹ tún tú wò, torí àlàfo kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì rí. Nígbà tí wọ́n bá ti lọ, ẹ fọ ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ àti inú kọ́bọ́ọ̀dù dáadáa, pàápàá bí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nínú ilé, nítorí pé eruku awọ àti ìgbẹ́ aáyán lè mú kí àìsàn náà dìde, kódà lẹ́yìn tí kò ti sí aáyán kan mọ́. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá dí àwọn àlàfo tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀.

Bí gbogbo páálí bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ lè kó wọn kúrò, àfi ọ̀kan tí ẹ ó fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìn fìríìjì. Ẹ máa yọjú wò ó ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ àlòkù tàbí páálí ẹrù tuntun wọlé, kí ẹ sì tún yọjú wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.